Ẹyin Tí Ìyá Láàbù Fi Ń Yẹ Ike Wò

Èmi ni mo jẹ ẹyin náà. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí a tó rìn jìnnà, kí ẹnì kan má baà máa fojú olè wò mí nígbà tí a bá dé ibẹ̀. Mo sè é, mo bó o, mo wọ́n iyọ̀ sí i, ẹnu ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo fi parí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí yẹn, ẹ fi ebi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dán ara yín wò ná.

Ẹni tó ni ẹyin ni Màmá Alárápé Mákindé. Bí ẹ bá dé Coal Camp ní Enugu láyé ìgbà náà tí ẹ béèrè Alárápé, ẹ ó pẹ́ lóòró. Ìyá Láàbù ni kí ẹ béèrè. Ọmọ Ìbò, ọmọ Yorùbá, mẹkáníìkì, obìnrin tó ń ta ọkpa, mọ́ínmọ́ín àwọn Ìbò, láàárọ̀, gbogbo wọn ló máa nawọ́ sí ilé náà. Ọmọ Ìkìrun ni. Ọkọ rẹ̀, akọ̀wé rélùwéè, ló kó o wá sí Enugu lọ́dún 1971, nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, òun náà ló sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ níbẹ̀ lọ́dún 1980. Gbogbo ayé rò pé á kó ẹrù padà sílé. Ó ní kí lòun fẹ́ lọ wò nílé, ṣé láàbù òun wà ní Ìkìrun ni?

Láàbù yẹn ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi bá ilé-ìwé girama kan ní apá GRA fọ ìgò ìdánwò, tó ń bu sípíríìtì sínú àtùpà, tó ń lé alángbá kúrò lórí òṣùwọ̀n. Kò jókòó ní kíláàsì kẹ́mísìrì rí lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ọ̀gbẹ́ni Nwodo, olùkọ́ kẹ́mísìrì, ló ṣàkíyèsí pé ìyá tó ń fọ ìgò máa ń mi orí bí àwọn ọmọ bá gba ìbéèrè, ó sì máa ń pòṣé bí wọ́n bá ṣì í. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá yìí ti ń pè é wọlé, tó ń kọ́ ọ.

Ohun tí láàbù wá fi sí i lára ni pé kò gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ bí kò bá tíì wọ̀n ọ́n. Bí búrẹ́dì bá kéré lójú rẹ̀, á fa rúlà yọ. Bí ẹ bá ní ooru òní ju ti àná lọ, á bi yín pé, "Ṣé o wọ̀n ọ́n ni, àbí o gbọ́ ọ?" Pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní ìwàásù òun kì í kọjá ogún ìṣẹ́jú. Bí wọ́n ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, Ìyá Láàbù dìde, ó ní méjìlélógójì ni, òun wo aago. Wọn ò jẹ́ kí ó jókòó níwájú mọ́.

Ọdún tó fẹ̀yìntì, ìyẹn 1992, ni ọ̀rọ̀ ike bẹ̀rẹ̀. Sírájúdéènì, ọmọ Ìwó kan tí gbogbo wa ń pè ní Sírájù, gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ lẹ́yìn àwọn mẹkáníìkì. Ó ń kó ike tó ti bàjẹ́ jọ, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń yọ́ ọ, ó sì ń fi ṣe ife, àwo àti òòyà. Ènìyàn dáadáa ni, kò sì ní ahun. Ó mú ife dúdú kan wá fún Ìyá Láàbù lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá gbà á, ó dúpẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Sírájù, ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n nìyí." Ẹnu ya ọmọkùnrin náà. Ó ní ta ló sọ fún un.

Ọ̀gbẹ́ni Nwodo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un tipẹ́. Àwọn tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n máa ń po nǹkan kan tó ń jẹ́ bròmíìnì mọ́ ike ẹ̀yìn rẹ̀, kí iná má baà tètè ràn mọ́ ọn bí ó bá gbóná. Bó bá jókòó sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ jẹ́ẹ́, kò sí wàhálà púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ́ ọ, èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹni tó ń yọ́ ọ, ife tí wọ́n bá sì fi ṣe kò yẹ kó kan ẹnu ọmọ. Ìyá Láàbù ní kí Sírájù máa kó ike rẹ̀ wá kí ó tó lọ̀ ọ́, òun á máa bá a yẹ̀ ẹ́ wò, òun ò sì ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin á ní ẹ̀rọ wo ló fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni o! Bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun kan, iyọ̀, àti ẹyin adìẹ. Bròmíìnì wúwo. Ike tí bròmíìnì bá wà nínú rẹ̀ á rì sínú omi iyọ̀ kan náà tí ike tí kò ní in á léfòó lórí rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé omi náà gbọ́dọ̀ níyọ̀ tó, kò sì gbọdọ̀ níyọ̀ jù. Ẹyin ló ń sọ ìyẹn fún un. Ẹyin tuntun máa ń rì sínú omi lásán. Ìyá á wá máa bu iyọ̀ sí i ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, á máa rò ó, títí ẹyin á fi gòkè wá yọ orí tó fẹ̀ tó kọ́bọ̀ kan. Omi ti tó nìyẹn, kí wọ́n da ike sí i.

Èyí tó bá léfòó ti yege. Èyí tó bá rì, ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí. Ìyá á mú wáyà bàbà, á fi í sínú iná àtùpà sípíríìtì títí iná náà ò fi ní àwọ̀ kankan mọ́, á fi wáyà gbígbóná náà kan ike, á tún dá a padà sínú iná. Bí iná bá di àwọ̀ ewé, ẹjọ́ parí. Páìpù omi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ìbátan bròmíìnì ló wà nínú tirẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá kì í gba ìbátan náà láyè. Lẹ́yìn èyí, á máa fi iyọ̀ kún omi, á máa ka ṣíbí, títí èyí tó rì á fi gòkè. Bí ṣíbí bá ṣe pọ̀ tó ni bròmíìnì ṣe pọ̀ tó. Ó ní ìwé búlúù kan, irú èyí tí ọmọ ilé-ìwé fi ń kọ nóòtì, tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: "Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ńlá, ṣíbí méjìlá. Ara rédíò tó já bọ́ lórí ọ̀kadà, ṣíbí mẹ́ta."

Ẹyin náà ní àyè tirẹ̀. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni, nínú àwo pẹlẹbẹ kékeré kan, ó jókòó bí ọba. Gbogbo Sátidé tí Ìyá bá ti New Market dé ló ń pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ẹyin tó bá ti pẹ́ máa ń fúyẹ́, á yọ orí kí omi tó níyọ̀ tó, irọ́ ló sì máa ń pa fún ènìyàn. Ó máa ń fi báírò pupa kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà: TI LÁÀBÙ. MÁ JẸ. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti rò pé èmi ló ń bá wí.

Èmi wo? Rẹ̀mí Abímbọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta. Ìjọba ló rán mi wá sí Enugu gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ lọ́dún 1993, láti wá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Yàrá tó kọjú sí ti Ìyá Láàbù ni mo gbà. Wọ́n ní owó wa ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n tún ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo sì ní ìgbéraga kan lára nígbà náà tí mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ lónìí: mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ọmọ tó jáde yunifásítì ń fi gàrí ẹ̀kúnwọ́ kan sùn. Bí Ìyá Láàbù bá kan ilẹ̀kùn, tó ní, "Rẹ̀mí, ṣé o ti jẹun?" kíákíá ni mo máa ń dá a lóhùn pé, "Mo ti jẹun, ma. Mo yó bámúbámú." Á ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Á padà lọ jẹ iyán rẹ̀. Màá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, màá máa gbóòórùn ọbẹ̀, inú á máa bí mi sí i bí ẹni pé òun ló purọ́.

Ọjọ́ Àìkú kan, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ò lọ, torí mi ò lè dìde dúró kọ orin. Mo wọ yàrá rẹ̀ lọ mú ìṣáná, torí kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Mo rí ẹyin. Ẹyin rí mi. Mo ka ohun tó wà lára rẹ̀, mo tún un kà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ìyókù, mo ti sọ ọ́ fún yín.

Bí mo ti gbé e mì tán ni ọpọlọ mi padà dé. Yéè! Mo sáré lọ sí ìsọ̀ kékeré kan ní ìkóríta, níbi tí ẹyin kan ṣoṣo ti ń gba oòrùn láti ìgbà tí mo ti dé àdúgbò. Obìnrin tó ni ìsọ̀ wò mí, ó wo ẹyin, ó ní kí n máa mú un lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹyin ọ̀fẹ́! Ó yẹ kí n ti fura. Mo mì í létí, ó ń dún pọ̀lọ̀-pọ̀lọ̀ nínú, mi ò tún fura. Mo mú báírò pupa tí mo fi ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ, mo kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí ìyá ṣe ń kọ ọ́, mo sì gbé e jókòó sínú àwo. Mo tiẹ̀ yin ara mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Hájà Kùdírátù dé. Òun ló ni ilé-ìwé jẹ́léósinmi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá Coal Camp ń lọ, obìnrin tó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í tètè dákẹ́. Ó ti sọ fún Sírájù pé òun fẹ́ ọgọ́rin ife fún àwọn ọmọ òun, ṣùgbọ́n ike tí Ìyá Láàbù bá fọwọ́ sí nìkan ni kó fi ṣe é. Sírájù kò tíì gba iṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó kó àpò ike funfun mẹ́rin wá, gbogbo rẹ̀ jẹ́ inú fíríìjì tó ti kú, ó ti fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Àpò kékeré kan tún wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó rọra fi sẹ́yìn ògiri, kò sì dárúkọ rẹ̀.

Ìyá Láàbù gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síta. Ó fi ẹyin sómi. Ẹyin náà kò tiẹ̀ délẹ̀ dáadáa, ó kàn ń rìn gbéregbère nísàlẹ̀ omi. Ṣíbí iyọ̀ kan péré, ó ti yọ orí. Ìyá wo iyọ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Iyọ̀ òde òní mà lágbára o." Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, mo gbé ìwé bojú.

Ó da ike sí i. Gbogbo rẹ̀ rì. Ẹyọ kan kò léfòó.

"Màmá!" Sírájù pariwo. "Inú fíríìjì ni! Oúnjẹ ni wọ́n ń gbé síbẹ̀!"

"Ẹyin ò purọ́ fún mi rí, Sírájù."

"Ẹ jẹ́ ká bi iná léèrè nígbà náà."

Sípíríìtì ti tán nínú àtùpà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, Ìyá Láàbù á ní kí gbogbo ènìyàn dúró títí òun á fi rí sípíríìtì. Ṣùgbọ́n ooru mú lọ́jọ́ náà, Hájà ń wo aago, Ìyá sì ti fọkàn tán ẹyin rẹ̀ fún odindi ọdún kan. Ó na ọwọ́ sí àwọn àpò náà, ó ní, "Kó wọn lọ. Mi ò fọwọ́ sí i."

Sírájù sunkún níbẹ̀, àgbà ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n. Nígbà tó sunkún tán, inú wá bí i. Ó gbé ilẹ̀kùn fíríìjì kan rù, ó rin gbogbo Coal Camp já, ó ń ké pé, "Ìyá Láàbù ní májèlé wà nínú fíríìjì! Ẹ da ọbẹ̀ yín nù o!" Àwọn mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín títí spánà fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọdé tẹ̀ lé e, wọ́n ń fi Pídgin kọrin pé, "Mama Lab don condemn fridge!" Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ.

Ọjọ́rú, Hájà ránṣẹ́. Ó ní bí ilé-ìwé bá ti parí lọ́la, òun ń bọ̀, kí Màmá wá fẹnu ara wọn sọ fún gbogbo ènìyàn pé àwọn ò yẹ ike wò mọ́. Ẹyin tó lè sọ pé fíríìjì kò dára, kí ló kù tí kò ní sọ? Kí Sírájù máa fi ohun tó bá wù ú ṣe ife rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tó wà nílẹ̀ yé mi dáadáa. Bí Ìyá Láàbù bá dáwọ́ dúró, kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo Coal Camp tí á wo ike kí ó tó di ife. Gbogbo ohun tí obìnrin yẹn fi ọdún mọ́kànlélógún kọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló fẹ́ wọlẹ̀ lọ, nítorí ẹyin tí mo fi ẹnu ẹ̀ẹ̀mejì parí. Mo ní màá jẹ́wọ́ ní Ọjọ́rú náà. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo bi í pé aago mélòó ló lù.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo jáde, tí mo rí Ìyá Láàbù tó ń fọ aṣọ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun yẹn. Omi mímọ́ àti iyọ̀ nìkan ló máa ń wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Ó ti na ọmọ onílé rí nítorí pé ó fi í bu omi fọ ẹsẹ̀.

"Màmá, bọ́kẹ́ẹ̀tì láàbù mà nìyẹn."

"Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni, Rẹ̀mí. Aṣọ ni wọ́n ń fi í fọ̀." Ó fa gíláàsì ojú rẹ̀, tó fi òwú so létí kan, sókè. "Ó jọ pé ojú mi ti ń tàn mí. Mo ti ń darúgbó." Ó fún aṣọ díẹ̀, ó wá wò mí. "Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, ma," ni mo wí. Ẹnu yìí! Bí mo bá rí àgádágodo lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá fi tì í pa.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni wọ́n péjọ sí àgbàlá wa. Hájà jókòó sórí àga. Sírájù dúró ti ilẹ̀kùn fíríìjì rẹ̀ bí ẹni tó mú ẹlẹ́rìí wá sí kóòtù, àpò rẹ̀ márààrún wà nílẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì wá wòran. Ìyá Láàbù wọ ìró tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé àwo ẹyin lọ́wọ́. Ó wú ikọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti bá yín yẹ ike wò títí dé ibi tí agbára mi dé. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé..."

"Èmi ni mo jẹ ẹ́!"

Ohùn mi ni. Mi ò mọ ìgbà tó jáde. Gbogbo ojú yí sí mi.

"O jẹ kí ni?" Hájà bi mí.

"Mo jẹ ẹ́, ma."

"Ó jẹ ike?" Sírájù la ojú. "Èwo nínú rẹ̀?"

"Ẹyin! Ẹyin láàbù ni mo jẹ! Èyí tó wà nínú àwo yẹn, èmi ni mo fi síbẹ̀, èmi ni mo kọ̀wé sí i lára, ọ̀fẹ́ ni mo gbà á, oòrùn ti pa á kí n tó mú un." Omijé ti gba ojú mi. "Màmá ò ṣìṣe. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ẹ̀bi mi ni."

Ìyá Láàbù wo inú àwo. Ó mú ẹyin, ó mì í lẹ́bàá etí. Pọ̀lọ̀-pọ̀lọ̀. Ó gbé e sún mọ́ gíláàsì, ó ka ọwọ́ ìkọ̀wé mi, ó wò mí, ó tún ka ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ó wá tẹ̀ba, ó fọ́ ọ sílẹ̀.

Ha! Òórùn tó jáde, mi ò lè ròyìn rẹ̀. Hájà fi ìborí bo imú, ó sì gbé àga rẹ̀ sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mẹkáníìkì kan tó ń fi epo diesel wẹ ọwọ́ lójoojúmọ́ bì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ìyá Láàbù nìkan ló dúró gbọin. Ó ní, "Ó kéré tán, ó ti tó oṣù méjì." Mo fẹ́ bi í bóyá ó wọ̀n ọ́n ni, àbí ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ àwàdà tèmi.

Ó ní kí wọ́n mú ẹyin tí adìẹ yé lónìí wá. Adìẹ wà nílé Hájà, Sírájù fúnra rẹ̀ ló sáré lọ mú un, kò fọkàn tán ẹlòmíràn. Èmi lọ gba sípíríìtì ní kẹ́mísìì. Ìyá Láàbù fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ọṣẹ tó wà nínú rẹ̀ lè tán. Ó fi ẹyin tuntun sómi, ó sọ̀kalẹ̀ gbì bí òkúta. Ṣíbí kan, kò mira. Ṣíbí méjì. Mẹ́ta. Gbogbo àgbàlá ti ń bá a kà á, títí kan Hájà tó ti padà wá. Nígbà tí ẹyin náà wá yọ orí níkẹyìn, àwọn mẹkáníìkì pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n.

Ó da ike funfun sí i. Ó léfòó. Àpò kejì léfòó, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Sírájù dojúbolẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dìde, ó gbé ilẹ̀kùn fíríìjì mọ́ra, ó ń bá a jó.

"Má tíì jó," Ìyá Láàbù wí. "Àpò kékeré yẹn ńkọ́?"

Ijó dúró. Sírájù ní ìyẹn ò sí lára rẹ̀. Ìyá ní kó dà á síta. Ike dúdú ni. Ó bọ́ sínú omi, ó rì wọ̀ọ̀, kò sí ìkan tó bojú wẹ̀yìn. Wáyà bàbà gbóná, ó kan ike, ó wọ iná, iná náà sì di àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ lójú gbogbo wa. Ìyá wá ń fi iyọ̀ kún omi. Ó ka ṣíbí mẹ́tàlá, ike dúdú náà ò tíì gbéra.

"Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n," Ìyá Láàbù wí.

Sírájù họ orí. "Màmá, ẹ máa gbọ́ ná. Etí ife ni mo fẹ́ fi ṣe, ibi tí wọ́n ń dì mú, kó lè dúdú, kó rẹwà. Ta ló ń fi etí ife mu omi?"

"Àwọn ọmọ mi!" Hájà bú jáde. "Etí ife ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jẹ! Ṣé o ò tíì rí ọmọ ọdún mẹ́ta rí ni?" Ó bá a wí títí oòrùn fi rọ̀, mo sì dúpẹ́, torí ìbáwí yẹn ìbá ti jẹ́ tèmi. Kí ó tó lọ, ó ní bí Ìyá Láàbù kò bá kọ orúkọ rẹ̀ sí ìdí àpò, ife kankan kò ní wọ ilé-ìwé òun láéláé. Ìyá bu ọwọ́ lu àwọn àpò funfun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọgọ́rin ife tó jáde, etí wọn funfun.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Ìyá pè mí sí yàrá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí ó tó sọ pé kí n jókòó. Mo ti kó ẹ̀bẹ̀ jọ sẹ́nu.

"Rẹ̀mí, kí ló dé tí o jẹ ẹ́?"

"Ebi ni, ma."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú téèpù télọ̀ jáde, ó fa ọwọ́ mi, ó sì fi téèpù náà yí ọrùn ọwọ́ mi ká. Ó wo nọ́ńbà rẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì, ó tún yọ gíláàsì kúrò. Mo rí i pé ojú rẹ̀ ti kún fún omi.

"Ojoojúmọ́ ni mo ń bi ọ́," ó wí. "O ní o yó. Mo gbọ́ ọ ni, Rẹ̀mí. Mi ò wọ̀n ọ́n." Ó nu ojú, inú sì bí i lójijì, ó ń sọ̀rọ̀ sókè: "Dìde níbẹ̀ yẹn! Ta ló ní kí o kúnlẹ̀? Iyán wà nínú ìkòkò."

Láti Sátidé yẹn, ẹyin méjì ló ń jókòó sínú àwo pẹlẹbẹ náà. Ọ̀kan, TI LÁÀBÙ. MÁ JẸ. Èkejì, TI RẸ̀MÍ. JẸ Ẹ́. Gbogbo Sátidé náà ni téèpù ń yí ọrùn ọwọ́ mi ká. Mo ń bínú, mo ní èmi kì í ṣe ike. Á kàn kọ nǹkan sínú ìwé búlúù, á pa á dé.

Mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mi ò padà sí Abẹ́òkúta. Mo ríṣẹ́ olùkọ́ ní Enugu, mo sì ń bá Ìyá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 1998, orúnkún rẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́, ó sì gbà níkẹyìn pé òun ń lọ sí Ìkìrun. Mo sìn ín dé gáréèjì. Nígbà tí mọ́tò fẹ́ gbéra, ó na ìwé búlúù náà sí mi lójú fèrèsé, ó ní ike Sírájù ń bọ̀ ní Ọjọ́ Ajé, kí n má fi ẹyin àná wọ̀n ọ́n. Mọ́tò lọ. Mo jókòó sórí àga onígi kan níbẹ̀, mo ṣí i.

Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kékeré, ṣíbí mẹ́wàá. Rẹ̀mí, ọrùn ọwọ́, íńṣì márùn-ún. Ara àáyọ́ọ̀nù ìlọṣọ, ṣíbí mẹ́rin. Rẹ̀mí, íńṣì márùn-ún àti ìdámẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ, èmi àti ìdọ̀tí Coal Camp, ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé, Sátidé lẹ́yìn Sátidé. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, obìnrin tó ń ta ọkpa ní gáréèjì ń wò mí. Mo ṣí i títí mo fi dé ibi tí orúkọ mi parí sí. Oṣù kẹta lẹ́yìn tí mo jẹ ẹyin ni, báírò pupa ló fi kọ ọ́.

Rẹ̀mí, íńṣì mẹ́fà. Ó yó. Mo wọ̀n ọ́n.